Oorun CPU: ohun tó yẹ kí ẹ pa lórí kọ̀ǹpútà géèmù tí ẹ ti ṣe overclock

Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń hang láàárín géèmù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Ẹ lọ wo ooru rẹ̀ àti fóltéèjì rẹ̀ ná. Àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tí tiwọn ń gbá géèmù mọ́jú láìsí wàhálà, àmọ́ tí wọ́n bá gbé e sílẹ̀ lọ jẹ iyán, ojú búlúù tí Windows fi ń sọ pé òun ti dákú ni wọ́n máa padà wá bá. Irú rẹ̀ kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ajílósùn, Adó-Èkìtì níbí. Ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ra tòkunbọ̀ ló ti ń wá jù, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti ṣe overclock sí i, ìyẹn ni pé ó fi ipá mú un sáré ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra ni CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ń ṣe bí iṣẹ́ bá dín. Ó ń dín iyára rẹ̀ kù: èyí ni Intel ń pè ní SpeedStep, tí BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé) máa ń kọ sílẹ̀ bí EIST, àwọn tó jẹ́ tuntun sì ní Speed Shift tó yára ju ìyẹn lọ. Ó tún ń sùn; àwọn ìpele oorun yìí ni wọ́n ń pè ní C-states. C1E ni kó tòògbé, C3 jìn ju ìyẹn lọ, C6 sì ni oorun àsùnwọra, níbi tí wọ́n ti ń gé iná core (ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ka CPU tó ń ṣiṣẹ́) tí kò níṣẹ́ pátápátá. Ẹ jí ẹni tó sùn wọra lójijì, kí ẹ ní kó sáré gun òkè Olósùnta n'Ìkẹ́rẹ́, ẹ ó rí ohun tí ojú core tí ẹ ti tì dé 4.9 GHz ń rí. Fóltéèjì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè lọ́gán. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi àlàfo sílẹ̀ fún irú èyí, àmọ́ overclock ti jẹ àlàfo náà tán.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ṣí Event Viewer nínú Windows, kí ẹ wá WHEA-Logger, tó ń kọ àṣìṣe tó wá láti ara ẹ̀rọ sílẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, tí àkókò rẹ̀ sì bá ìgbà tí kọ̀ǹpútà kò níṣẹ́ mu, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ẹ tún kọ̀ǹpútà tan, kí ẹ máa tẹ Delete tàbí F2 títí BIOS á fi ṣí. Ẹ fi fóònù ya gbogbo ojú ewé tó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú CPU àti fóltéèjì. Lórí motherboard ASUS, MSI àti Gigabyte, F12 máa ń ya àwòrán náà sórí fúláàṣì tí wọ́n bá ti ṣe é ní FAT32. Ẹ má bẹ̀rù pé iná lè lọ níbí o. Bí ẹ kò bá tíì tẹ F10 láti fi í pamọ́, kò sí ohun tó yí padà. BIOS tí wọ́n ń flash, ìyẹn tí wọ́n ń fi tuntun rọ́pò, ni iná kò gbọ́dọ̀ lọ lé lórí, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Lórí ASUS ti Intel, ẹ tẹ F7, kí ẹ wọ Advanced, CPU Configuration, lẹ́yìn náà CPU Power Management Control. Ẹ gbé CPU C-states kúrò lórí Auto, kí ẹ lè rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí Gigabyte Z390, abẹ́ Advanced CPU Core Settings ni wọ́n wà. Lórí MSI, ẹ wá CPU Features lábẹ́ OC.

Ibí ni èmi àti ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń yapa. Wọ́n á ní kí ẹ pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ yá, báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó ń dà á láàmú? Ẹ pa C6 nìkan, pẹ̀lú C7 bí ó bá wà. F10. Ẹ lò ó fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bí kò bá yí padà, ẹ pa C3, lẹ́yìn náà C1E. SpeedStep ló gbẹ̀yìn, mi ò sì fẹ́ràn láti pa á rárá.

Ẹ má fi Prime95, ètò tó ń kó iṣẹ́ líle fún CPU láìdákẹ́, dán èyí wò. Kì í jẹ́ kí core kankan sùn, oorun gan-an la sì ń wá. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà jókòó láìṣe nǹkan kan, kí ẹ máa ṣí aṣàwákiri, kí ẹ máa pa á, kí ẹ tún gbé e sílẹ̀.

Bí pípa C6 bá wò ó sàn, ó ṣeé ṣe kí fóltéèjì ló kéré díẹ̀. Bí fóltéèjì yín bá wà lórí Adaptive tàbí Offset nínú BIOS, ẹ fi 0.010 sí 0.020 V kún un, kí ẹ tan C6 padà, kí ẹ tún wò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń gbà. Àmọ́ tí PSU, àpótí tó ń fún kọ̀ǹpútà níná, bá ti dàgbà, ẹ fi C6 àti C7 sílẹ̀ ní pípa. Nígbà tí Haswell, ìran CPU Intel kan, jáde ní 2013, iná tó ń bèèrè nínú oorun yẹn kéré débi pé àwọn PSU kan kò lè gbé e.

Nínú Windows, Power Options ni ẹ máa wọ̀, tàbí kí ẹ tẹ powercfg /setactive SCHEME_MIN, tó máa gbé yín sórí High performance. Iyára nìyẹn ń ṣàkóso, kì í ṣe oorun, nítorí náà kò lè wo ojú búlúù sàn. Ẹ má sì retí pé FPS (iye àwòrán tí géèmù ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) á gòkè. Àwọn tó ń gba orin sílẹ̀, tí ohùn wọn ń já, ni wọ́n máa ń jèrè jù.

Bí ẹ kò bá ṣe overclock rárá, ẹ má pa C-states. 4.6 GHz tí wọ́n kọ sára i5-9600K, CPU Intel tó ní core mẹ́fà, ìgbà tí core kan péré ń ṣiṣẹ́ ni. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá wà lójúfò, 4.3 ni. Bí ẹ kò bá jẹ́ kí àwọn yòókù sùn, ẹ ti fọwọ́ ara yín gé iyára yín kù. Ryzen, CPU ti AMD tó ń gbé iyára ara rẹ̀ ga (boost), náà ń fẹ́ kí àwọn yòókù sinmi. Bí Ryzen àkọ́kọ́ bá ń hang nígbà tí kò níṣẹ́, ẹ wọ AMD CBS, kí ẹ gbé Power Supply Idle Control sórí Typical Current Idle. Kò sí ìdí láti fọwọ́ kan Global C-state Control.

Ẹni tó ń lo ínfátà, kó wo iye wọ́ọ̀tì tó hàn lójú rẹ̀ kó tó pa nǹkan kan, kó sì tún wò ó lẹ́yìn rẹ̀. Bátìrì máa jẹ́rìí. Ooru náà á pọ̀ sí i. 9600K kì í kọjá 100°C kó tó dín ara rẹ̀ kù, àmọ́ èmi kì í fẹ́ kó kọjá 85. Lásìkò ọyẹ́, ẹ gbọn eruku inú fáànù dànù kí ẹ tó dá BIOS lẹ́bi.

Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò tan mọ́, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, kí ẹ yọ bátìrì CR2032 tó wà lórí motherboard fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ dá a padà. BIOS á gbàgbé ohun gbogbo, títí kan overclock. Ẹ wá fi àwòrán tí ẹ yà tún un ṣe, ẹ máa fọwọ́ kan ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí C6 sì gbẹ̀yìn.