Ojú Ọ́mpáyà àbí Òfin? Bí Kóòṣì Ṣe Lè Mọ Ìpè Tó Ṣeé Bèèrè Lé Lórí

Nígbà tí ọ́mpáyà, adájọ́ eré, bá pe "Out!" (ìyẹn ni pé eléré kan ti jáde), tí àwọn òǹwòran sì ń pariwo, kí kóòṣì kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ṣé ohun tí ọ́mpáyà rí ni mi ò gbà, àbí òfin tó fi dá a? Nínú bésíbọ́ọ̀lù àti sọ́fítíbọ́ọ̀lù, níbi tí kò bá ti sí àtúnwò fídíò, ohun tí ojú rí kò ní ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Strike ni tàbí ball (bóyá bọ́ọ̀lù tí wọn ò fi igi gbá gba ibi tó yẹ tàbí kò gbà á), fair ni tàbí foul (inú ìlà ni tàbí òde rẹ̀), sárésáré ló kọ́kọ́ dé béèsì (ibùdó tó ń sá lọ) ni tàbí bọ́ọ̀lù: ibi tí ọ́mpáyà bá parí rẹ̀ sí náà ni. Òfin tó bá ṣì lò nìkan ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún.

Ìpè infield fly ló kó méjèèjì pọ̀ sójú kan. Bí sárésáré bá wà ní béèsì kìíní àti ìkejì, tàbí ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí out kò tíì pé méjì, tí wọ́n wá gbá bọ́ọ̀lù lọ sókè láàárín ìlà, tí aṣọ́béèsì lè hán an wẹ́rẹ́, out ni ẹni tó gbá a, kódà bí bọ́ọ̀lù náà bá bọ́ sílẹ̀. Bí kò bá sí òfin yìí, aṣọ́béèsì á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó bọ́, á fi mú sárésáré méjì pa pọ̀. Bọ́ọ̀lù tó lọ tààrà àti bunt (èyí tí wọ́n kàn fi igi tẹ̀ díẹ̀) kò sí nínú rẹ̀. "Wẹ́rẹ́" yẹn, ojú ọ́mpáyà ló ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n iye out àti béèsì tí ènìyàn wà lórí rẹ̀, òfin ni. Bó bá pè é nígbà tí béèsì kìíní nìkan lẹ́nì kan wà, dìde.

Jẹ́ kí eré dúró, tọrọ "Time", kí o sì nìkan rìn lọ bá ọ́mpáyà tó pe ìpè náà gan-an, má lọ bá èkejì rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Out mélòó lẹ kà nígbà tí bọ́ọ̀lù gòkè? Béèsì wo ni àwọn ọmọ wà?" Ṣe èyí kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù tó kàn, lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ní ti strike, dákẹ́. Àwo ilé (home plate), tí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù dúró tì, fẹ̀ tó ínṣì 17. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, òkè agbègbè strike ni àárín èjìká sí ìgbànú ṣòkòtò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni abẹ́ orúnkún. Bí etí bọ́ọ̀lù bá kàn án lókè àwo, ó ti tó. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lè mọ gíga rẹ̀ díẹ̀, kò lè mọ bóyá ó gba orí àwo. Ibi tí catcher (ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn àwo) ti hán an sì ń tan ojú jẹ, nítorí bọ́ọ̀lù ti lè já sílẹ̀ lẹ́yìn àwo.

Ìlà funfun fúnra rẹ̀, fair ni. Ibi tí bọ́ọ̀lù wà la ń wò, kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹni tó fọwọ́ kàn án. Lórí iyanrìn Ẹ̀pẹ́, ẹsẹ̀ a máa pa ìlà rẹ́: na okùn láti àwo ilé dé òpó tó wà ní ìparí ìlà, kí ẹ sì tún ẹfun dà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí imọ̀ àgbọn bá nà wọ pápá yín ní Àgbádárìgì, ẹ̀yin kóòṣì méjèèjì àti ọ́mpáyà ni kẹ́ ẹ fẹnu kò kí eré tó bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí bọ́ọ̀lù bá kàn án. Ní béèsì kìíní, ẹsẹ̀ ni ọ́mpáyà ń wò, ó sì ń tẹ́tí sí ìró bọ́ọ̀lù nínú ìbọ̀wọ́. Nítorí náà, ẹ pa gbohùngbohùn tó ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Ìkòròdú.

Ìpè ojú kan ṣì wà tó ṣeé bèèrè: bí ẹni tó di igi mú bá fì í díẹ̀ tó sì dáwọ́ dúró, tí ọ́mpáyà pè é ní ball, kóòṣì tàbí catcher lè ní kó bi ọ́mpáyà béèsì. Bó bá ti pè é ní strike, kò sí ìbéèrè.

Nínú sọ́fítíbọ́ọ̀lù, bí ọ́mpáyà bá na apá òsì gbọọrọ tó di ìkúùkù, kì í ṣe out. Ó lè jẹ́ pé ó rí i pé ẹni tí kò ní bọ́ọ̀lù dí sárésáré lọ́nà, eré ṣì ń lọ. Kọ́ àwọn ọmọ rẹ kí wọ́n máa sáré nìṣó.

Kí ẹnì kan máa kọ iye out àti béèsì tó ní ènìyàn sínú ìwé kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Ìwé yẹn ni kóòṣì yóò mú dání nígbà tó bá ń lọ bá ọ́mpáyà.