Bí mo ṣe gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí rárà Ọ̀yọ́

Àkòrí tó fẹ̀ jù ló máa ń dá iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé dúró lọ́nà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé àbá mi lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, "Ewì alohùn nílùú Ọ̀yọ́" ni mo kọ síbẹ̀. Wọ́n ní, "Èwo nínú wọn? Ta ló ń sun ún? Níbo?" A gé e títí ó fi ku ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni onírárà, ẹni tó ń fi ewì alohùn tí à ń pè ní rárà ki èèyàn, máa ń yí padà tó bá kúrò ní ààfin tó bọ́ sí òde ìnáwó? Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé òpin.

Mo ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ kí n tó jáde lọ gba ohùn. Ẹnu àwọn arọ́kin, ìyẹn àwọn òpìtàn ààfin Ọ̀yọ́, ni àlùfáà yìí ti gbọ́ púpọ̀ nínú ìtàn àwọn Aláàfin àtijọ́. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló ṣa àkọsílẹ̀ tó kù jọ, tó tún un kọ, kó tó jáde ní 1921. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ohùn tí mo gbà fi wà lórí fóònù, lórí kọ̀ǹpútà, àti lórí fláàṣì kan nílé ìyá mi ní Ìṣokùn.

Èèyàn kì í dédé gbé rẹ́kọ́dà wọlé onírárà. Ẹni tí wọ́n mọ̀ ló mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan nítòsí ọjà Akẹ̀sán. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé, wọ́n ní kí n padà wá.

Àdàkọ ni iṣẹ́ gan-an. Ohùn wákàtí kan lè gba odindi ọ̀sẹ̀ kéèyàn tó kọ ọ́ tán pẹ̀lú àmì ohùn. Níbì kan, ìyáàlù bo ìparí orúkọ kan mọ́lẹ̀: ṣé Àjàká ni àbí Àjàgbó? Aláàfin ni àwọn méjèèjì, ìgbà wọn sì jìnnà síra. Mo gbé e padà lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ta lẹ pè níbí?" Wọ́n dijú. Wọn ò lè yọ ìlà yẹn nìkan. Àfìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látòkè, tí wọ́n sun ún dé ibẹ̀. "Àjàgbó ni, ọmọ mi. Ohun tí mo pè tẹ̀ lé e ni kó o fi mọ̀ ọ́n." Láti ọjọ́ náà, n kì í fi ìlà kan ṣoṣo béèrè nǹkan mọ́.

Tíọ́rì àti sẹ́minà, mo ṣe wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Níwájú àwọn aṣàyẹ̀wò, ẹni tó wá láti ìta bi mí pé kí ló fi hàn pé ìyípadà wà. Mo tẹ́ rárà méjì tí Bàbá yìí kan náà sun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní ààfin, ìran ọba ni wọ́n ń tò. Níbi ìkómọ, wọ́n yà sínú oríkì orílẹ̀ olóde, orúkọ ẹni tó ń náwó sì ń wọlé láàárín ìlà. Ṣùgbọ́n oríkì orílẹ̀ náà, wọn ò yẹ̀ ẹ́ rárá. Ibẹ̀ ni àpilẹ̀kọ mi dúró lé, àwọn aṣàyẹ̀wò sì gbà á, wọ́n kàn ní kí n tún àmì ohùn kan ṣe níbì mélòó kan.

Mo kó gbogbo ohùn náà sí mẹ́mọ́rì káàdì fún Bàbá, torí ọmọ-ọmọ wọn tó ń kọ́ rárà, fóònù ló fi ń gbọ́.