Ọkọ̀ díísù tó ń kú lórí òróró àlòkù: bó ṣe yanjú

Bí ọkọ̀ díísù bá ń lo òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan dípò díísù, tó sì ń kú, fílítà tó ń dí ló ń pa ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe pọ́ǹpù. Omi wà nínú òróró tí wọ́n fi dín àkàrà, ó sì wà lára ohun tó ń dí fílítà. Ẹ kán díẹ̀ sínú páànù gbígbóná. Bó bá ń ta pàràpàrà, omi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tòrò fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ bu tòkè nìkan, kí ẹ sẹ́ ẹ pẹ̀lú fílítà máíkírọ́ọ̀nù 5 (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà).

Ooru ló ṣe pàtàkì jù. Òróró tútù ki ju díísù lọ, nọ́sù (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) ò lè fọ́n ọn wẹ́wẹ́; èyí tí kò jó tán á di èédú mọ́ nọ́sù àti ríǹgì písítọ́ọ̀nù. Táǹkì méjì la lò: ọ̀kan fún díísù, èkejì fún òróró. Omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì la fi rọ́bà gbé gba inú táǹkì kejì, kó lè mú òróró gbóná láì dà pọ̀ mọ́ ọn. Díísù la fi ń ṣíná. Bí òróró bá tó 70°C, a yí fáàfù láti díísù sí òróró. Ó kù díẹ̀ kí ẹ paná, ẹ dá a padà sí díísù, kí òróró má baà tutù sínú pọ́ǹpù.