Bí ẹ ó ṣe mọ ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ẹjọ́ yín

Ẹ dúró díẹ̀ lẹ́bàá kóòtù Májísíréètì Òkè-Ẹ̀dá ní Àkúrẹ́, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ẹni tó ń bi lọ́yà rẹ̀ pé, "Ta ló ní kí ẹ gbà kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú?" Lọ́yà á ní iṣẹ́ òun lòun ń ṣe. Lọ́yà ló jàre níbẹ̀ yẹn. Ká ní ilẹ̀ ló gbà kí wọ́n pín láìbéèrè ni, oníbàárà ni ì bá jàre. Ó yẹ kí ẹ ti mọ ìyàtọ̀ yìí kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

1. Ẹ wò ó bóyá ẹjọ́ náà tilẹ̀ jẹ́ tiyín

Ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ ní Ọjà Ọba, tó lọ fẹjọ́ sùn ní téṣàn, máa ń rò pé òun lòun ni ẹjọ́. Rárá o. Tí ọlọ́pàá bá ti gbé e dé kóòtù, ìjọba ló ń bá afurasí ṣẹjọ́, ẹlẹ́rìí ni ẹ̀yin. Abala 211 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fún Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ lágbára láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ọ̀daràn, láti gbà á ṣe, àti láti dá a dúró kí ìdájọ́ tó wáyé. Bí àwọn òbí afurasí náà bá wá dọ̀bálẹ̀ fún yín tí ẹ sì dárí jì í, ẹ sọ fún agbẹjọ́rò ìjọba. Ó lè gbọ́, ó sì lè má gbọ́.

Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní àṣẹ tirẹ̀. Abala 36 ní kó yan lọ́yà tó wù ú, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fipá mú un jẹ́rìí nínú ẹjọ́ ara rẹ̀.

Ẹjọ́ gbèsè, ti ayálégbé, ti ilẹ̀: ìwọ̀nyẹn ni tiyín, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

2. Bó bá jẹ́ ti ẹbí, ẹ kọ́kọ́ yanjú ẹbí

Ibí lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú jù láàárín Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Láti 1959 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ yìí nígbà náà ti là á yé wa: bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìfi ti àwọn àgbà ẹbí ṣe, wọ́n lè ní kí kóòtù fagi lé e, bó bá jẹ́ ọmọ ẹbí kan ló tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ parí ìjà rántí èyí.

Ẹ pe ìpàdé, kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan rán aṣojú wá. Ẹ yan àwọn tí orúkọ wọn yóò wà lórí ìwé ìpẹ̀jọ́ fún ara wọn àti fún ẹbí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo yín sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ibi tí ẹjọ́ bá já sí yóò mú gbogbo ẹbí, títí kan àbúrò yín tó wà ní Èkó tí kò yọjú sí kóòtù rí. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Bí ẹni mẹ́rin bá ń pe lọ́yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó bá rọrùn fún un ló máa gbọ́.

Nígbà mìíràn, ààfin Déjì tàbí àwọn ìjòyè ló máa bá yín parí ọ̀rọ̀ náà nígbà tó ti wà ní kóòtù. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ ò sí níbẹ̀. Ẹjọ́ náà ṣì wà láàyè títí lọ́yà yóò fi kọ̀wé sí kóòtù pé ẹ ti parí ẹ̀.

3. Ẹ mọ ohun tó jẹ́ tiyín àti ohun tó jẹ́ ti lọ́yà

Tiyín ni: ká pẹjọ́ àbí ká má pè é, ta la máa pè, ká gba owó àbí ká ṣe é dópin, iye tó tẹ́ wa lọ́rùn. Ti lọ́yà ni: òfin tó máa tọ́ka sí, ìbéèrè tó máa bi ẹlẹ́rìí, ẹni tó máa kọ́kọ́ pè jẹ́rìí, àti bó ṣe máa bá lọ́yà kejì lò lórí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Ẹ má bá a du ìyẹn. Ẹ má sì ní kó fi ayédèrú rìsíìtì síwájú adájọ́. Bí ẹ bá ta kú, ó gbọ́dọ̀ fi ẹjọ́ náà sílẹ̀ fún yín.

Ti adájọ́ ni ìdájọ́, ṣùgbọ́n kì í fún èèyàn ní ohun tí kò bèèrè. Nítorí náà ẹ ṣí ìparí ìwé ìpẹ̀jọ́ yín, níbi tí wọ́n to ohun tí ẹ ń fẹ́ sí, ẹ kà á, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín lédè Yorùbá, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ ní kóòtù.

4. Ẹ fi àṣẹ yín ránṣẹ́ ní kíkọ

Ohun tí lọ́yà yín bá gbà ní kóòtù, kóòtù á kà á sí ohun tí ẹ̀yin gbà. Bí ẹ bá ti sọ fún un ní kọ̀rọ̀ pé kó má gbà, báwo ni àwọn ará ọ̀hún ṣe fẹ́ mọ̀? Bí adájọ́ bá sì ti sọ àdéhùn náà di ìdájọ́, abala 241 nínú ìwé òfin 1999 yẹn ní ẹ ò lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé kóòtù yọ̀ǹda. Ní tèmi, èyí ló burú jù nínú gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí oníbàárà. Irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ti tó:

"Lọ́yà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí ẹjọ́ ilẹ̀ ọ̀nà Ìdànrè, ẹbí ti jókòó. A ò fẹ́ gbowó, a ò sì fẹ́ pín ilẹ̀. Bí wọ́n bá mú ọ̀rọ̀ àdéhùn wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè mí kí ẹ tó dá wọn lóhùn. Ẹ bá wa sọ fún lọ́yà wọn náà."

5. Bí ọ̀rọ̀ ò bá wọ̀ mọ́

Ẹ lè gba ẹjọ́ yín lọ́wọ́ lọ́yà, ṣùgbọ́n ẹ san owó iṣẹ́ tó ti ṣe. Kí lọ́yà tuntun kọ̀wé sí kóòtù pé òun ti gba ipò, nítorí pé títí dìgbà náà, ti àtijọ́ ni kóòtù mọ̀.

6. Lẹ́yìn ìdájọ́

Ẹ̀yin lẹ máa sọ bóyá ẹ ó lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, tó ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́. Láti Ilé Ẹjọ́ Gíga, oṣù 3 lẹ ní lórí ìdájọ́ ìkẹyìn nínú ẹjọ́ ẹni-sí-ẹni. Bó bá jẹ́ àṣẹ tí adájọ́ pa nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ, ọjọ́ 14 péré ni. Ọjọ́ tí adájọ́ ka ìdájọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rí ẹ̀dà rẹ̀ gbà.