Wáyà kan ṣoṣo ló dá ọ́fíìsì wa dúró

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni, mi ò tíì gbé báàgì kalẹ̀ tí akọ̀wé ọ̀gá wa fi pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó lè tẹ̀wé, kò sẹ́ni tó lè wọ ímeèlì." Mo rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló tún ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Àmọ́ nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn yàrá tí switch wà, àpótí tó so gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pọ̀, gbogbo iná ara rẹ̀ ló ń ṣẹ́jú pa pọ̀, kíákíá, bíi pé ẹnì kan ń lu ìlù fún wọn. Ẹni tó bá ti rí i rí kì í béèrè mọ́. Loop ni: wáyà kan ti yípo padà sí ibi tó ti wá.

Kọ̀ǹpútà tó bá ń wá ẹnìkejì rẹ̀ á ké sí gbogbo ilé, switch á sì gbé igbe náà jáde ní gbogbo port, ihò tí wáyà ń wọ̀, àfi èyí tó gbà á wọlé. Kò burú, bí ọ̀nà bá jẹ́ ọ̀kan. Bí ọ̀nà bá yípo, igbe náà ò ní kú. IP, òfin tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń gbé ọ̀rọ̀ kiri, ní òǹkà tó ń dín kù títí dé òdo, tí ọ̀rọ̀ náà á fi kú. Ethernet, tí wáyà inú ilé ń lò, kò ní in. Ó wá dà bí ọkọ̀ tó wọ ráńdábaọ̀tì Mọ́kọ́lá tí kò rí ibi já, tí òmíràn tún ń wọlé tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìlà bá kún tán, iṣẹ́ gidi ni switch máa ń dà nù.

Laptop mi ò rí switch yẹn bá sọ̀rọ̀ rárá. Wáyà console, èyí tó wọ ara switch tààrà, ni mo fi wọlé. Ó ń kọ ohun kan náà léraléra: àdírẹ́sì MAC kan, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀, ń fò láti port 7 bọ́ sí 19, ó tún padà sí 7. Mo yọ 19. Iná rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Mo tọ wáyà náà dé yàrá àwọn akáǹtì. Màmá tó ń gbálẹ̀ ló rí orí wáyà kan nílẹ̀ ní Fúráìdè, ló bá kì í bọ ihò tó ṣófo lára ògiri. "Ọmọ mi, mo rò pé ó yọ ni." Kí ni mo fẹ́ bá wọn wí sí? Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi. Èmi ni mo pa spanning tree, ọgbọ́n inú switch tó ń dènà loop, torí àwọn èèyàn ń ráhùn pé kọ̀ǹpútà wọn ń dúró kó tó rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì: ìṣẹ́jú àáyá 15 fún fífetísílẹ̀, 15 fún kíkọ́ àdírẹ́sì.

Radia Perlman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ló gbé ọgbọ́n yẹn kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1985: àwọn switch á yan olórí, wọ́n á sì sé ọ̀nà tó bá pọ̀ jù. Mo tan irú rẹ̀ tó yára, RSTP. Níbi yíyan olórí, gbogbo switch ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà 32768, nọ́ńbà tó kéré jù ló ń jọba. Bí ó bá dọ́gba, MAC tó kéré jù ló ń wọlé, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ògbólógbòó ibẹ̀. Tiwa wà nílé àwọn gáàdì, eruku ti bò ó. Mo fún switch ńlá ní 4096 kó má baà sí ìjà. Mo fi portfast, tó ń jẹ́ kí port ṣí láìdúró, sí ibi tí kọ̀ǹpútà ń lò kí ìráhùn má bẹ̀rẹ̀, mo sì fi BPDU guard tì í, èyí tó ń pa port tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ spanning tree.

Mo wá mú wáyà náà, mo ki orí méjèèjì bọ ògiri lójú Màmá. Iná ibẹ̀ kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn akáǹtì ń báṣẹ́ wọn lọ.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá, Mà. Ó ń ṣiṣẹ́ ni."