Bí ẹ ṣe lè tẹ̀lé sáà bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ikọ̀ Houston

Ìwé tí mo fi ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó gààrí àti ẹja ní ṣọ́ọ̀bù mi ní òpópónà Bissonnet ní Houston, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń kọ eré àwọn ọmọkùnrin Yunifásítì Houston sí. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí pé, "Ìyá Tọ́pẹ́, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ikọ̀ yìí máa jìnnà lọ́dún yìí?" Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ ra ìwé. Fóònù á sọ iye tí wọ́n fi jáwé olúborí fún yín, kò ní sọ bí wọ́n ṣe jà á. Ẹ fa ìlà mẹ́rin: ọjọ́, ẹni tí wọ́n bá gbá, ibi tí wọ́n ti gbá a, àti iye bọ́ọ̀lù tó ta padà lára apẹ̀rẹ̀ tí àwọn tiwa rí gbà. Ìlà kẹrin yẹn ni kẹ́ ẹ tọ́jú bí ojú. Láti 2014 tí Kelvin Sampson ti ń kọ́ wọn, bí bọ́ọ̀lù kò bá wọlé, ẹni mẹ́ta á ti fò sókè kó tó balẹ̀. Wọ́n á gbà á, wọ́n á tún un jù.

Ẹ má sunkún ní oṣù kọkànlá, ìgbà tí sáà ń bẹ̀rẹ̀. Ní 2024, Auburn nà wọ́n ní 74 sí 69. Kí oṣù náà tó parí, Alabama àti San Diego State tún nà wọ́n ní Las Vegas, méjèèjì nínú àfikún àkókò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró níwájú káńtà mi, ó ní sáà ti bàjẹ́. Mo ní kó ka orúkọ àwọn tó nà wọ́n. Auburn yẹn kan náà wà nínú ikọ̀ mẹ́rin ìkẹyìn nígbà tó yá, nínú ìdíje oṣù kẹta tí wọ́n fi ń mọ yunifásítì tó gba ife Amẹ́ríkà. Ẹ̀yìn náà ni Houston bẹ̀rẹ̀ eré líìgì wọn, Big 12, tí wọ́n gbá ogún eré, tí Texas Tech nìkan rí wọn mú, ní 82 sí 81, nínú àfikún àkókò náà ni.

Ìlà kẹta, ibi tí wọ́n ti gbá a, wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní 2025, ikọ̀ 68 ló wọ ìdíje oṣù kẹta. 31 gba ife líìgì wọn wọlé, ìgbìmọ̀ ló mú 37 tó kù. Ìgbìmọ̀ yẹn ń wo ilé àti ẹ̀yìn odi: bí ẹ bá gbá a nílé, alátakò gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbọ̀n àkọ́kọ́ lórí àtẹ ipò gbogbo ikọ̀ kó tó di èrè ńlá, bí ẹ bá lọ sílé onílé, ẹni tó wà ní ipò 75 pàápàá tó. Nítorí náà, eré ìrìn àjò oṣù kìíní, ẹ má fi sùn.

Tí ẹ bá ń wò ó, ẹ gbé ojú kúrò lára ẹni tó mú bọ́ọ̀lù. Ẹ wo ọ̀gbẹ́ni gíga tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Hakeem Ọlájúwọ́n ló kọ́ mi. Èkó ló ti ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kó tó wá sí Houston ní 1980, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbàgbé. Ní àṣekágbá 1983 tó gbá fún Houston ní Albuquerque, 52 sí 52, Dereck Whittenburg ti North Carolina State ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, kò dé apẹ̀rẹ̀. Lorenzo Charles mú un lókè, ó tì í bọ inú apẹ̀rẹ̀. 54 sí 52. Bọ́ọ̀lù tí kò wọlé ló gba ife lọ́wọ́ wa, ohun tó jẹ́ kí n ní ìlà kẹrin nìyẹn.

Ìlà yẹn náà ló gbà wá lọ́wọ́ Duke láàárín ikọ̀ mẹ́rin ìkẹyìn ní 2025. Ìṣẹ́jú kan kò kù mọ́, Duke fi àmì mẹ́fà ṣíwájú. Emanuel Sharp ju bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta láti ọ̀nà jíjìn, ó wọlé. Houston já bọ́ọ̀lù gbà, wọ́n jù ú, kò wọlé; Joseph Tugler fò, ó gbá a wọlé. Duke pàdánù ìjù ọ̀fẹ́, wọ́n ṣẹ̀ sí J'Wan Roberts níbi tó ti ń fò sí bọ́ọ̀lù náà, ó ju méjèèjì tirẹ̀ wọlé. Eré parí ní 70 sí 67. Mo pariwo débi pé ará ilé kejì kanlẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ní San Antonio, a bá ikọ̀ Florida gbá àṣekágbá. A fi àmì 12 ṣíwájú nínú abala kejì. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, Florida ṣíwájú ní 65 sí 63, Sharp fò láti jù ú, Walter Clayton Jr. fò sí i lójú. Ó jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù kó má baà di ẹ̀ṣẹ̀, kò sì lè fọwọ́ kàn án mọ́ kí ẹlòmíràn tó kàn án. Àkókò lọ.

Ìlà kẹrin mi ṣófo fún ìgbà ìkẹyìn yẹn, nítorí wọn ò jù ú rárá. Ẹ má fa irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ ya. Ẹ ṣí èyí tó kàn, ẹ kọ "oṣù kọkànlá" sí orí rẹ̀, ẹ tún ìlà mẹ́rin fà.