Bí Ẹ Ṣe Lè Bèèrè Ìdánwò Oògùn fún Ẹni Tó Ní Jẹjẹrẹ

Gààrí ni mo ń tà l'Ókè-Àjẹ, n'Íjẹ̀bú-Òde, n kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ó lé lọ́dún kan tí mo ti ń tẹ̀ lé àǹtí mi lọ sílé ìwòsàn nítorí jẹjẹrẹ ọmú. Ohun tí mo rí nídìí ìdánwò oògùn, ìyẹn kí wọ́n máa dán oògùn tuntun wò lára aláìsàn, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní tráyà, ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ má dúró kí dókítà kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, èrò pọ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ bi í pé, "Ǹjẹ́ tráyà kankan wà tó bá irú jẹjẹrẹ yìí mu, níbí tàbí níbòmíràn?" Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ló dáa kí ẹ ti bèèrè, torí àwọn tráyà kan kì í gba ẹni tó ti gba oògùn kan rí. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín lọ síbi tó lè wà. Ní ti àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, OOUTH wà ní Ṣágámù, UCH wà n'Íbàdàn, LUTH sì wà l'Ékòó, níbi tí wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ sí ní 2019. Ẹ sì ní kí ọmọ yín wo ClinicalTrials.gov lórí fóònù. Kó tẹ orúkọ àìsàn náà àti Nigeria, kó wá èyí tí wọ́n kọ "Recruiting" sí. Ọ̀fẹ́ ni.

Ibi tí ẹ máa fara balẹ̀ sí jù nìyí: ẹran tí wọ́n gé lọ yẹ̀ wò. Wọn kì í dà á nù. Inú epo àbẹ́là ni wọ́n ń rì í sí, yóò dì bí ègé ọṣẹ kékeré, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Blọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pè é. Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ọmú ní ER, PR tàbí HER2, àwọn àmì tí wọ́n ń wá lára jẹjẹrẹ náà, ohun tí tráyà púpọ̀ sì fi ń yan èèyàn nìyẹn. Làbù tí àwa lọ fún wa níwèé kan ṣoṣo. Nígbà tí a padà lọ gba blọ́ọ̀kù lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, wọ́n ní àwọn ò rí i mọ́. Bí wọ́n ṣe tún gé àǹtí mi lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ẹ gba nọ́ńbà blọ́ọ̀kù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé àbájáde mẹ́ta. Ọ̀rá gààrí ni mo kó tèmi sí. Nọ́ọ̀sì kan ní ìwé wa ń ta sánsán bí ẹ̀bà.

Tí tráyà bá wà, wọ́n á jọ̀ yín bí a ṣe ń jọ gààrí: ọjọ́ orí (èyí tó jẹ́ ti àgbà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 18), ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín, ọkàn, bóyá ẹ lè dìde ṣe nǹkan fúnra yín. Ẹni tí kò bá bọ́ sísàlẹ̀, ojú ajọ̀ ni kò gbà á, kò sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀.

Ìwé àdéhùn ńkọ́? Ẹ gbé e délé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí wọ́n kà á fún un ní Yorùbá lójú ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ tráyà náà. Bùrọ̀dá wa fárí gá, ó ní ṣé a ti gbàgbé àwọn ọmọ Kánò tí wọ́n fún ní Trovan, oògùn tí wọ́n ń dán wò nígbà náà, ní 1996, ṣé ẹran ọdún la fẹ́ fi àbúrò òun ṣe. N ò bá a jà. Mo kàn kọ ìbéèrè sílẹ̀: ṣé NAFDAC mọ̀ sí i? Ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo aláìsàn wo ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣé ìpele 1 ni, tí wọ́n ṣì ń wá ìwọ̀n tí ara gbà, àbí 3, tí wọ́n ń fi oògùn tuntun wé èyí tó ti wà? Ta ló ń sanwó àyẹ̀wò àti ọkọ̀? Tí ara bá yí lóru, ta la máa pè? Ẹ lè kúrò nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wù yín, ìtọ́jú tẹ́ ẹ ń gbà tẹ́lẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ dúró. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ sanwó kóun tó kọ orúkọ yín, ẹ sá fún un.

Àyẹ̀wò ọkàn àǹtí mi ni kò jẹ́ kó kọjá ajọ̀ tráyà. Kímò tí gbogbo èèyàn ń gbà ló ń gbà báyìí, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Tọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù bá ti pé, ọmọ mi á tún wo fóònù. Nọ́ńbà blọ́ọ̀kù kejì wà lẹ́yìn káàdì rẹ̀, bírò pupa ni mo fi kọ ọ́.